Olóòtú tí Gbogbo Èèyàn ń Bá Rẹ́rìn-ín

Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà rí. Ó dára kí n tètè sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lóde òní, oríyìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n á ní kò sí olóòtú bíi tirẹ̀ mọ́, pé láti ìgbà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ìwé kíkà ò ti dùn mọ́. Òótọ́ ni pé ẹnu rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí abẹ bá ti ya lára ni kí ẹ bi léèrè bó ṣe mú tó, kì í ṣe ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń pàtẹ́wọ́.

Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé, eré orí ìtàgé, fíìmù àti orin ní èdè Yorùbá. Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àpápá, ìsàlẹ̀ wa sì ni àwọn agẹ́ńtì tó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù. Bí a bá ṣí fèrèsé, ariwo tírélà ni. Bí a bá tì í, ooru ni. Láti GRA ni ọ̀gá wa ti ń wá, kò jìnnà, awakọ̀ rẹ̀ á sì máa gbé báàgì tẹ̀ lé e bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kó tó jókòó, á ti sọ ohun kan tí gbogbo wa máa rẹ́rìn-ín sí. Ọjọ́ tí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀rù á máa bà wá, torí a mọ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ de ẹnì kan ni.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé ìròyìn náà, tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe lámèyítọ́ ohun tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ìyókù. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí i. Ó kọ nípa fíìmù kan pé, “Ọkùnrin tó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe oríire jù nínú gbogbo wa. Òun ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà lọ sílé.” Akéwì kan sọ lórí rédíò pé ẹ̀jẹ̀ ara òun lòun fi kọ ewì òun, ọ̀gá wa ní, “Dókítà ni kí ẹ bá a wá, ẹ má wá òǹkàwé fún un.” Ó sì kọ nípa ọ̀dọ́mọbìnrin akọrin kan pé, “Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀. Kó tọ́jú rẹ̀, kó má lò ó.” Ẹ̀yin náà ti rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ọmọ náà tún dìde láti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fọwọ́ bo ẹnu. Kò kọ orin náà dé ìdajì tó fi lọ jókòó.

Bó bá yin nǹkan, ayé á ya lọ síbẹ̀. Mo rántí ìwé ìtàn kan tó yìn ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn tó ń tà á ní Ìjọra fi wá sí ọ́fíìsì wa, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí òǹkọ̀wé náà. Bó bá sì bú nǹkan, ó parí nìyẹn. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn, àwọn tó ń ṣonígbọ̀wọ́ eré, àwọn tó ń yan ìwé fún ilé ìwé, gbogbo wọn ló ń dúró de ohun tó máa sọ, kí wọ́n lè mọ ohun tí àwọn náà máa rò.

Èmi, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí. Bàbá mi já ẹrù ní wáàfù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Mùsùlùmí ni, ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ọmọ sì ń bá ẹni tó bá kọ́kọ́ jí wa lọ. Nínú ilé tí a gbé dàgbà, Yorùbá, Ìgbò àti Urhobo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìjà, Píjìn ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Láti inú ilé yẹn ni mo ti kọ ìtàn kékeré kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn náà, tí wọ́n sì ní kí n wá rí olóòtú.

Ó mú ìtàn náà dání nígbà tí mo wọlé. Kò ní kí n jókòó.

“Ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ó gùn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, níbo ni kí n gé níbẹ̀?”

“Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kejì, kí o sì parí rẹ̀ kí o tó dé ìkẹta.”

Àwọn tó wà nínú yàrá náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ó wá fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn, níbi tí mo ti sọ pé òjò ń sunkún lórí páànù ilé wa. Ó bi mí pé, “Ṣé òjò yẹn rọ̀ lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ náà ló wù ọ́ láti lò?” Òjò kankan ò rọ̀. Ó pa gbólóhùn náà rẹ́, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka gbogbo ohun tí a bá fẹ́ tẹ̀ jáde, kí n tún àṣìṣe ṣe, kí n fi àmì ohùn sí i. Mo kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò ní parọ́. Bí mo ṣe ń kọ̀wé lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Àǹtí kan wà ní àdúgbò wa tó ń rán kọ́tìnì. Gbogbo wa là ń pè é ní Àǹtí, àtàgbà àtọmọdé. Ọ̀sán ló fi ń rán kọ́tìnì fún àwọn ará GRA. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sí kọ̀rọ̀, á kó àwọn èèyàn jọ láti kọ́ eré. Àwọn tó ń bá a ṣeré kì í ṣe òṣèré tí ẹ mọ̀. Onídìrí kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fọ ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, àti àwọn méjì tó ń já ẹrù bíi bàbá mi. Èmi fúnra mi ti bá a ṣeré nígbà tí mo wà nílé ìwé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn jáde kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, láìjẹ́ pé èèyàn ń pariwo.

Eré kan wà tó fi ọdún tó pọ̀ kọ. Ó dá lé ọkùnrin kan tí kọ̀ntéénà tẹ̀ pa ní wáàfù. Ìyàwó rẹ̀ lọ sí ẹnu géètì, àwọn tó ni iṣẹ́ sì sọ fún un pé àwọn ò mọ ọkọ rẹ̀ rí. Lójoojúmọ́ ló ń lọ. Yorùbá ni obìnrin náà ń sọ, Píjìn ni aládùúgbò rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e ń sọ, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yé, bí a ṣe ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó náà gbé bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ, ó gbé e kalẹ̀ níwájú géètì, ó ní, “Ẹ wo bàtà yìí dáadáa. Kí ẹ wá sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ti gbó.” Aládùúgbò rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó ní, “My sister, e don do, make we dey go.” Kò lọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa, bàbá mi wà níbẹ̀. Mi ò rí kí bàbá mi sunkún rí, àní nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ yẹn, ó yọ fìlà, ó fi bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó kàn sọ pé, “Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.”

Àǹtí wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun pe ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìjọra ti ń bá a sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ gbé eré náà lọ sí ìlú mìíràn, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere kan láti ojú ìwé ẹ̀yìn yẹn á mú kí wọ́n tètè fọwọ́ sí i.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ mọ bí ẹnu ọkùnrin yẹn ṣe rí o.”

Ó ní, “Ẹni tó bá ń sá fún ojú kì í ṣeré. Ṣáà bá mi pè é.”

Mo pè é, ó sì gbà. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé, awakọ̀ rẹ̀ ń ráhùn pé Malu Road ò ṣeé gbà, pé àwọn tírélà ti dí ibẹ̀ pa. Wọ́n fi ọ̀gá jókòó sí ìlà iwájú, níbi tí fáànù wà. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà gbé bàtà kalẹ̀, tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, mo rí i tó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ń tẹ nǹkan sí i. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà ló ń kọ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó dìde, ó fi áńkáṣíìfù nu ọrùn, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. Eré ò tíì parí.

Èmi ni mo fi àmì ohùn sí ohun tó kọ. Ó fi ránṣẹ́ sí orí tábìlì mi bí ó ṣe máa ń ṣe, kò sì gùn: “Obìnrin kan ní Ajégúnlẹ̀ pe èèyàn jọ wá wo eré. Yorùbá inú eré náà dà bíi tírélà tó dúró ní Malu Road: ẹrù ẹlòmíràn ló kún inú rẹ̀, kò sì lọ síbì kankan.” Ó parí. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tó kú, kò sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó, kò mẹ́nu kan bàtà.

Mo gbé e padà lọ bá a. “Sà, ẹ ò sọ ohun tí eré náà dá lé.”

Ó gbójú sókè. “Ṣé ó dá lé nǹkan ni?”

Ẹ̀rín gba gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni tó ń ya àwòrán fún wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo padà sí àyè mi.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ju ìwé ìròyìn náà lọ. Àwọn èèyàn ya fọ́tò ojú ìwé náà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Àwọn tí kò ka ìwé ìròyìn wa rí láyé wọn mọ̀ ọ́n sórí. Ilé-iṣẹ́ Ìjọra ní àwọn máa pe Àǹtí padà. Wọn ò pè é. Ọ̀gá ilé ìwé tó ń yá wọn ní gbọ̀ngàn sọ pé wọ́n fẹ́ kun ibẹ̀ lọ́dà, ọ̀dà yẹn ò sì kàn án títí mo fi kúrò ní àdúgbò náà. Onídìrí ní ọkọ òun ò fẹ́ mọ́. Bí Àǹtí bá ń kọjá, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù á kígbe pé, “Tírélà!” Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lámèyítọ́ ni. Wọ́n rò pé orúkọ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù, inú ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Mo wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níta, wọ́n jókòó sórí àga onígi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà jáde láti orí fóònù. Bàbá mi gbá itan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Mo ní, “Bàbá, eré tí ẹ wò nìyẹn. Ẹ sunkún níbẹ̀.”

Ó nu ojú. “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ. Yorùbá yẹn ò já gaara.” Ó tún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹrù ẹlòmíràn ló kún inú rẹ̀!” Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi tó jẹ́ pé èdè tó fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní wáàfù láti ìgbà èwe rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí ọ̀gá mi lè ṣe. Ó lè wọ ilé ẹni, kó gba omijé lójú ẹni, kó fi ẹ̀rín rọ́pò rẹ̀, kí onítọ̀hún sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Àǹtí wá sí ọ́fíìsì. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó ti ṣe irun. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀gá.

“Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo ni eré Ajégúnlẹ̀.”

Ọ̀gá dìde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa àga fún un. “Ẹ jókòó, màdáámù, ẹ jókòó. Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ojú ọ̀nà ò dí?”

Mo rí àwọn tó tẹrí ba mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rín wọn má baà hàn. Àǹtí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

“Sà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Kí ni mo ṣe yín?”

“Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, màdáámù,” ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣìpẹ̀. “Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ń bá yín jà gan-an nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀ títí, ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lé àyà bíi pé ó fẹ́ dá a dúró. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún un ní mínírà tútù. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó sì dìde. Mo sìn ín sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó dúró.

“Kí ló dé tí mo fi rẹ́rìn-ín?” ló bi mí. “Mo ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti àná ni mo ti ń sọ ọ́ níwájú díńgí. Kí ló dé tí mo fi rẹ́rìn-ín?”

Àwọn agẹ́ńtì ń bá wa kọjá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ jẹ́ ká rí ọ̀nà.”

Mo lọ kọ èsì. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́, ojú ìwé méjì. Mo sọ ìtàn eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣàlàyé ìdí tí obìnrin kan fi ń sọ Yorùbá tí èkejì sì ń fi Píjìn dá a lóhùn, pé bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé kò ní gbà kí a tẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Ó ní ìwé ìròyìn tó bá ń bẹ̀rù èsì kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé: “Òǹkọ̀wé wa fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé pé òun ò rí ohun tó burú nínú eré náà. Mo gbà á gbọ́. Olóòtú.”

Ìyẹn ni gbogbo èèyàn rántí. Mi ò tíì pàdé ẹni kan tó ka ojú ìwé méjì náà. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, ó sì kọ lẹ́tà tó dára gan-an fún mi láti fi wáṣẹ́ síbòmíràn, ó yìn mí níbẹ̀. Mo fa lẹ́tà náà ya.

Ọdún ti gorí ọdún. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìwé ìròyìn náà ti kú, kò sí ẹni tó ń rà á mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ṣì wà, àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí sì pinnu láti ṣe àpèjẹ fún un. Wọ́n fẹ́ kó ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jọ sínú ìwé kékeré kan, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Mo fẹ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé mo fẹ́ rí ojú rẹ̀.

Ilé rẹ̀ ní GRA tutù, ó sì dákẹ́. Ọjọ́ ogbó ti dé sí i lára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó dá mi mọ̀. “Ọmọ Ajégúnlẹ̀,” ló wí, “ṣé o ṣì máa ń gùn?” Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sáàárín wa. A sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, mo bi í.

“Sà, ẹ rántí eré kan tí ẹ lọ wò ní Ajégúnlẹ̀?”

“Eré wo?”

“Èyí tí ọkọ obìnrin kan kú ní wáàfù.”

Ó mi orí. Kò rántí.

“Èyí tí ẹ fi wé tírélà Malu Road.”

Ojú rẹ̀ là. “Háà! Tírélà!” Ó ka gbólóhùn náà lórí, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ó sì fi ọwọ́ lu apá àga. “Ìyẹn wà lára àwọn tó dùn jù. Ṣé o mọ bí mo ṣe rí i? Inú mọ́tò ni mo wà, tírélà kan ti há wa mọ́bẹ̀, a ò lè lọ síwájú, a ò lè padà sẹ́yìn. Mo wò ó títí, ni ọ̀rọ̀ náà bá dé. Ẹrù ẹlòmíràn ló kún inú rẹ̀, kò sì lọ síbì kankan. Mo ní, háà, èyí dára o! Ta ni màá sọ ọ́ lù? Nígbà tí mo jókòó níbẹ̀, mo yáa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kó má baà bọ́ lórí mi.”

“Kí ẹ tó dé ibi eré náà ni ọ̀rọ̀ náà ti dé, sà?”

“Kí n tó dé ibẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, àwọn ló jẹ ẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín.

Mo rántí òjò tó pa rẹ́ nínú ìtàn mi, tó bi mí bóyá ó rọ̀ lóòótọ́.

Mo ní, “Sà, obìnrin náà ò ṣeré mọ́ láti ọjọ́ náà.”

“Ṣé o rí i?” ló wí. “Ta ló ní lámèyítọ́ kì í ṣe ìlú láǹfààní?”

Ó wá dúró, ó ń retí pé kí n rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ó ń retí rẹ̀. Mo wò ó lójú. Ó yí orí sí ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwa méjì péré ni. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo kó ẹrù mi, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, sà.” Mi ò kúnlẹ̀ kí i. Mo jẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò àpèjẹ mọ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n ṣe é, mo gbọ́ pé ó kún, mo sì gbọ́ pé nígbà tí ọ̀gá dìde sọ̀rọ̀, gbólóhùn tírélà ni wọ́n ní kó tún sọ fún àwọn.

Ọ̀nà Badagry ni Àǹtí ń gbé báyìí. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kọ́tìnì ló ṣì ń rán. Ó gé aṣọ kan sílẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, mo kàn sọ ọ́ fún un bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. “Kò tíì wo eré náà?”

“Kò tíì wò ó, Àǹtí. Inú mọ́tò ló ti rí ọ̀rọ̀ náà.”

Ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé o mọ̀ pé mo gbà á gbọ́? Láti ìgbà yẹn, bí mo bá wà níbi ìpàdé onílé àti ayálégbé, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀, màá kọ́kọ́ yẹ Yorùbá mi wò nínú ọkàn mi, bóyá ó mọ́. Kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹlòmíràn á ti sọ̀rọ̀. Mo rò pé òun tó mọ̀wé ló rí ohun tí èmi ò rí.” Ó dúró. “Ó rí tírélà!”

Mo rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún. Inú bí i. Mi ò rí ìbínú lójú obìnrin yẹn rí, àní nígbà tí àwọn ọmọ ń kígbe mọ́ ọn ládùúgbò. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkùnrin náà. Ó pè é ní ọ̀dájú, ó pè é ní olójú kòkòrò, ó bú awakọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ó bú ilé ìwé tó ti jáde. Ó fi Yorùbá bú u, ó fi Píjìn bú u, ó po méjèèjì pọ̀. Èmi náà dá sí i. Mo sọ ohun gbogbo tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ tó ti ní kí n parí ìtàn mi kí n tó dé ojú ìwé kẹta. Kò sí ọ̀kan nínú èébú wa tó dùn létí. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni máa yà ní fọ́tò, kò sí èyí tó mú ẹ̀rín wá. A bú u títí ohùn wa fi há.

Mo bi í bóyá ó lè padà sídìí eré. Ó ní rárá, òun ti dàgbà, àwọn tí àwọn jọ ń ṣe é ti tú ká, ọ̀kan tilẹ̀ ti kú. Ó ní ohun tó lọ ti lọ. Kò tu ara rẹ̀ nínú, èmi náà ò sì tù ú nínú.

Obìnrin kan wọlé, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun rán kọ́tìnì pálọ̀. Ó ti gbọ́ ariwo wa láti òpópónà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń bú báyìí?”

“Ẹnì kan tí a jọ mọ̀ ni,” ni Àǹtí wí. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó sì bi í bí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.